Ẹ má ṣe da àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọkàn pọ̀ mọ́ ti ibà lórí kọ̀ǹpútà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn bí àwọn ilé ìwòsàn wa, ti ìjọba àti ti aládàáni, ṣe ń fi káàdì oníwèé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó níwájú yàrá káàdì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń wá fáìlì tí òjò ti bàjẹ́, mọ̀ pé àyípadà náà ti pẹ́ jù. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbẹ̀bí ni wọ́n fẹ́ kí àwa tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ àti àtúnṣe ìhùwàsí tọ́jú ènìyàn náà máa lò. Ó yẹ kí iṣẹ́ yìí ní ètò tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń náwó sí i gbọ́ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Àkọsílẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò ju iye ìfúnpá, orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí yóò padà wá lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè 9 ló wà nínú rẹ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 dé 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì lè kọjá 27; bí ó bá ṣe ga tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà ṣe le tó. Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń wádìí bóyá ẹni náà ti ń rò ó pé ikú yá ju bí òun ṣe wà yìí lọ, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Nínú ètò gbogbogbò, àárín ọ̀rọ̀ gígùn tí olùtọ́jú tẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí máa ń sọnù sí. Bí obìnrin kan bá gba 8 lóṣù yìí, tó gba 13 lóṣù tó tẹ̀ lé e, tó sì wá gba 19, kò sí ẹni tí yóò rí i àfi ẹni tó bá ní sùúrù láti ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí a ṣe fún iṣẹ́ wa á fi ìlà ya bí máàkì rẹ̀ ṣe ń gòkè síwájú olùtọ́jú, bí ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án bá sì ti ju 0 lọ, á kìlọ̀ kí aláìsàn náà tó dìde lórí àga. Bákan náà ni ọmọ tó ní ọ́tísímù, ìyàtọ̀ inú ọpọlọ tó ń hàn nínú ìhùwàsí àti ọ̀rọ̀ sísọ: iye ìgbà tó forí gbá ògiri, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí àwọn àgbàlagbà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ dúró lé, ó sì yẹ kí ìyá rẹ̀ lè fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ilé.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló wá tóbi jù lọ. Akọ̀wé yàrá káàdì lè jẹ́ àna aláìsàn, apoògùn sì lè máa bá a jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ó tó kí apoògùn mọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. Kò kàn án láti mọ ohun tí ọkùnrin kan sọ nípa baba rẹ̀ nígbà tó ń sunkún. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlànà tó jáde láti ara HIPAA, òfin ìlera ọdún 1996, ya ìwé tí olùtọ́jú fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìjíròrò sọ́tọ̀: bí ó bá ti wà lọ́tọ̀ sí fáìlì yòókù, kì í sábà jáde láìjẹ́ pé aláìsàn buwọ́ lù ú. Àwa náà kò ṣaláìní òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, ní oṣù kẹfà ọdún náà sì ni òfin ìdáàbòbò dátà tẹ̀ lé e, tó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni òfin yóò ṣe ṣiṣẹ́ níbi tí ètò kọ̀ǹpútà ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan?

Ohun kan tún wà tí ètò tí a bá rà láti òkè òkun lè máà ní. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, ìbátan aláìsàn máa ń bá a gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn. Títí dòní, mọ̀lẹ́bí ló ń mú aláìsàn wá, àwọn ló sì ń sanwó. Nítorí náà, ó yẹ kí àyè wà tí aláìsàn yóò ti sọ ẹni tó lè mọ ohun kan àti ẹni tí kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n: kí ẹ̀gbọ́n mọ ọjọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n kí ó má mọ ọ̀rọ̀ tí a sọ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ètò ọ̀tọ̀ nìkan ti tó. Ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn Vastaamo ní orílẹ̀-èdè Finland ní ètò tirẹ̀, síbẹ̀ wọn kò ṣọ́ ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí bó ṣe yẹ. Olè wọlé ní 2018, ó kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn bí 33,000 lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kọ̀ láti san owó tí olè náà béèrè, olè náà kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé kí wọ́n san 200 Yúrò bí wọn kò bá fẹ́ kí gbogbo ayé ka ohun tí wọ́n sọ fún olùtọ́jú wọn. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2021, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀daràn náà sẹ́wọ̀n ọdún 6 àti oṣù 3 ní 2024, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn padà sí ìkọ̀kọ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ètò béèrè bóyá ó ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì sílẹ̀ àti aago tó ṣí i, bóyá olè tó bá jí i kò ní lè kà á, àti bóyá iṣẹ́ á lè tẹ̀síwájú nígbà tí iná bá lọ, kí olùtọ́jú má baà padà sí bébà tí ẹnikẹ́ni lè mú lórí tábìlì. Mo sì ń bẹ àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà pé kí wọ́n gbé ìlànà pàtó jáde fún ìtọ́jú ọkàn, kí olùtọ́jú tó ní yàrá méjì péré náà lè mọ ohun tí òfin retí lọ́wọ́ òun àti lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ètò fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan, Ìbàdàn