Ẹ bá wa bá àwọn ẹlẹ́rọ ọjà sọ̀rọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé oúnjẹ yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bá mi gbé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ tó ń bá wa lọ nǹkan lọ́jà yìí jáde.

Ìbejì ni mo bí. Kò sí ohun tí Táyé kì í jẹ. Kẹ́hìndé ni ara rẹ̀ kò gba àlìkámà, ẹyin, mílíìkì màlúù àti ẹ̀pà. Bí ó bá fẹnu kan ọ̀kan nínú wọn, ara rẹ̀ á sú, ètè rẹ̀ á wú, nígbà míì mímí á nira fún un. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí mímí bá ti le, ká má dúró wo nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni ká gbà lọ. Síbẹ̀ àwọn ẹbí ṣì ń sọ pé, “Fún un ní díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ́ ọn.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, díẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Wáfù, ìpápánu pẹlẹbẹ oníkòtò tí a ń yan sínú irin gbígbóná, ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn. Nínú èyí tí wọ́n ń tà, èèwọ̀ Kẹ́hìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. N kò lè máa fún Táyé kí èkejì rẹ̀ máa wò ó lẹ́nu, nítorí náà ọ̀kan náà ni mò ń ṣe fún wọn: ife ìyẹ̀fun ìrẹsì kan ààbọ̀, ìdajì ife sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ bíńtín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa tí mo tẹ̀, òróró ṣíbí ńlá mẹ́ta. Àgbọn ni mo fi ń pò ó. Màá rin ín, màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, bí ife kan ààbọ̀. Àgbádárìgì la wà, kí la fẹ́ fi mílíìkì agolo ṣe? (Àmọ́ àgbọn náà kì í bá gbogbo ara mu, ẹ bi dókítà yín.) Ẹ jẹ́ kó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìrẹsì lè mumi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa rún lẹ́nu bí iyanrìn. Ìgbà tí irin bá gbóná tán ni mo máa ń fi béékìn páúdà ṣíbí kékeré méjì àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan sí i. Àwọn ló ń mú un wú dípò ẹyin. Ìrẹsì kò ní ohun tó ń fà bíi ti àlìkámà, sítáàṣì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bá wa dì í mú. Ẹ má ṣí irin náà títí oru ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi dínkù. Ẹni tó bá kánjú, á ya sí méjì. Kí irin yẹn má sì ṣe kan àlìkámà rí, torí kò rọrùn láti fọ inú kòtò rẹ̀ mọ́.

Aládùúgbò wa kan fi àánú ra ìyẹ̀fun ìrẹsì fún wa lọ́jà. Ìrẹsì lásán ni, ètè Kẹ́hìndé sì wú. Nígbà tí a wádìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ ẹ̀pà oníkúlíkúlí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, ìrẹsì odidi ni mò ń rà. Màá ṣà á, màá fọ̀ ọ́, màá sá a gbẹ, màá lọ̀ ọ́ nílé, màá sì fi asẹ́ kù ú. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í sì í ṣe gbogbo ìyá ló ní bílẹ́ńdà.

Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004 ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára páálí oúnjẹ bí mílíìkì, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, ẹ̀pà, kaṣú àti irú rẹ̀, àlìkámà tàbí sóyà bá wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n fi yànmọ̀tí kún un. Ẹlẹ́rọ ọjà wa kò ní páálí tí yóò kọ nǹkan sí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè fi sọ fún wa. Ẹ bá wa rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n lọ kẹ́yìn kí wọ́n tó da tiwa sí i. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lè ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ fún ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́ nìkan, èmi á san ju iye tí àwọn yòókù ń san lọ, mo sì mọ àwọn ìyá míì ní Àjàrá tí yóò san án.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Àjàrá, Àgbádárìgì.