Ìbéèrè lórí Bíbélì kì í ṣe ẹ̀mí èṣù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà méjì tí ẹ gbé jáde lórí Bíbélì. Ẹni àkọ́kọ́ ní wọ́n ti yí ìwé náà padà débi pé kò sí ohun tí èèyàn lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni kejì fi ìbínú dá a lóhùn pé láti ayé Mósè títí dòní, lẹ́tà kan ṣoṣo kò yẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ti ẹni kejì ló sì dùn mí jù, torí pé Kristẹni bíi tèmi ni, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń lé àwọn ọmọ wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Tánkẹ̀ ni mò ń gbé nílùú Ìlọrin, àwọn ọ̀dọ́ ni mo sì ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ nínú wọn, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ka Bíbélì. Ẹni tó bá ṣí Máàkù orí 16 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní NIV, kó tó kan ẹsẹ 9, yóò bá àkọsílẹ̀ kékeré kan pàdé, pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ kò ní ẹsẹ 9 sí 20. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní béèrè? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè é nípàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ kan. Ẹni tó ń darí ìpàdé ní kó kúnlẹ̀, kí wọ́n lé ẹ̀mí iyèméjì jáde lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Kò wá lọ́sẹ̀ kejì, kò sì tíì padà wá títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ọmọ yẹn ní ìdáhùn. Ìwé àfọwọ́kọ méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ìparí Máàkù ṣì wà nínú wọn ni Codex Sinaiticus, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Codex Vaticanus, tó wà ní Vatican. Ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n kọ méjèèjì. Ẹsẹ 8 ni Máàkù parí sí nínú wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò nídìí ibojì pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà ló ní ẹsẹ méjìlá yẹn, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan, sì ti tọ́ka sí ẹsẹ 19 ní ọ̀rúndún kejì. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ lánàá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímọ̀, tó fi mọ́ àwọn onígbàgbọ́ tó fi gbogbo ayé wọn sin Ọlọ́run, gbà pé kì í ṣe Máàkù ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ṣé àjíǹde Jésù wá bà jẹ́ nìyẹn? Rárá o. Ẹsẹ 6, tó wà nínú gbogbo wọn, ti sọ pé ó jíǹde. Pọ́ọ̀lù sì ti to orúkọ àwọn tó rí i lẹ́yìn àjíǹde sínú 1 Kọ́ríńtì orí 15, lẹ́tà kan tó ṣeé ṣe kó ti wà kí Máàkù tó kọ ìwé tirẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti ṣàlàyé èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Ibi tó sì ti ń ká mi lára jù ni pé nínú ẹsẹ méjìlá yìí kan náà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbígbé ejò lọ́wọ́, mímu májèlé láìkú, àti gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn. Ní Amẹ́ríkà, oníwàásù kan tó ń jẹ́ George Went Hensley sọ ọ̀rọ̀ ejò yìí di àṣà ìjọsìn, ejò ló sì bù ú jẹ tó fi kú ní 1955. Níbí, a kì í gbé ejò, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ka ibẹ̀ fún, tí wọ́n ní kó da oògùn nù torí pé wọ́n ti gbọ́wọ́ lé e lórí. Rọpárọsẹ̀ ló bá a kalẹ̀. Ká ní ẹni tó wà lórí pẹpẹ mọ ìtàn ẹsẹ yẹn ni, tó sì rántí pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀, bóyá ìyá yẹn ì bá ṣì máa rìn lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin tún wá yàtọ̀. Nínú agbo ilé kan náà níbí, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Àáfà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí fi 1 Jòhánù 5:7 inú Bíbélì Ọba James bá wọn jiyàn lórí Mẹ́talọ́kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyẹn kò sí nínú àwọn ẹ̀dà Gíríìkì àtijọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erasmus gbé Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì jáde ní 1516, kò fi gbólóhùn nípa Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ní ọ̀run yẹn sí i. Kò sí nínú ti 1519 náà. Ìgbà tí wọ́n pariwo lé e lórí ló fi í sí ti 1522, ọ̀nà yẹn ló sì gbà wọ Bíbélì Ọba James ní 1611. Mátíù 28:19 kò ní irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kí ọmọ náà tọ́ka sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ojú sì tì í níwájú gbogbo ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n wá kọjú sí ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ẹsẹ kan ní àríyànjiyàn kò sọ pé gbogbo ìwé ti bà jẹ́. Ẹ̀dà Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì tó ṣẹ́ kù lé ní 5,000, òmíràn odindi, òmíràn àjákù. Bí ẹnì kan bá ki oríkì Ọ̀fà, tó ti ìlà kan bọ̀ ọ́ láti orí ara rẹ̀, àwọn àgbà ìlú tó mọ oríkì Ìyẹ̀rú Ọ̀kín yóò ní kó dúró níbẹ̀. Bí àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ti ń tú ara wọn fó nìyẹn, òun náà la sì fi mọ ọ̀rọ̀ Máàkù 16. Ní ti Májẹ̀mú Láéláé, ní 1947 àwọn darandaran rí àkájọ ìwé nínú ihò àpáta ní Qumran lẹ́bàá Òkun Òkú. Àkájọ ìwé Aísáyà tó wà níbẹ̀ fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju odindi Bíbélì Hébérù tí wọ́n parí ní 1008, èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò. Ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín wọn, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àmọ́ Aísáyà kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, dé Òmù-Àrán, ẹ kọ́ ìjọ ní nǹkan wọ̀nyí ní gbangba. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wà ní Ìgbájà, kò jìnnà sí wa. Ẹ ké sí àwọn tó kọ́ Gíríìkì àti Hébérù, kí wọ́n wá bá àwọn ọ̀dọ́ jókòó. Lúùkù sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun wádìí kí òun tó kọ ọ́. Ìwé Ìṣe sì yin àwọn ará Bèríà pé wọ́n ń yẹ ohun tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wí wò.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Mo ti ní tèmi. Mátíù 27 sọ pé Júdásì pokùn so. Ìṣe orí 1 sọ pé ó ṣubú lulẹ̀, ìfun rẹ̀ sì tú jáde. Báwo ló ṣe yẹ kí n ṣàlàyé méjèèjì fún kíláàsì mi?

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi,
Tánkẹ̀, Ìlọrin.