Má ju àwo yẹn nù o, Àkànní

Àkànní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ará ilé ń bẹ lálàáfíà, wọ́n ní kí n kí ọ. Ìròyìn yòókù á dúró ná, torí ohun tí o kọ nípa LaserDisc rẹ, àwo fíìmù ńlá tí lésà ń kà, ò jẹ́ kí n sinmi: o ní àmì ń tàn lójú àwòrán rẹ̀, o sì fẹ́ jù ú nù.

Àmì wínníwínní tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú àwòrán yẹn, kọ́kọ́ fi àwo mìíràn dán an wò. Bó bá wà lórí gbogbo wọn, ẹ̀rọ ló lẹ́jọ́ í rò: eruku lè wà lójú léǹsì. Bó bá jẹ́ orí ẹyọ kan ṣoṣo, àwo yẹn ló ń jẹrà. Pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn-sẹ́yìn, alumíníọ̀mù tí lésà ń kà sì wà nínú. Bí gúlù ò bá dáa, atẹ́gùn á ráyè wọlé, alumíníọ̀mù á dípẹtà. Má retí pé wàá fojú rí i o. Òmíràn ń dán bíi dígí, inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Kò sóògùn. Má fi spírítì nù ún, ike akírílíìkì ni, á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi àti ẹ̀kán ọṣẹ kan tó. Láti àárín lọ sí etí ni kí o máa nù ún, má yí i po. Tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé. Ohun tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí a lè fi ṣe abẹ̀bẹ̀, tí ẹ̀rọ sì lè yí tó ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, kò yẹ kó wọ́.

Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹlẹ́yà pé ó ti kú. Ọdún 1978 ló dé ọjà Amẹ́ríkà. CD tó tẹ̀ lé e ní 1982, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti jogún kíkà pẹ̀lú lésà. Àlàyé tí à ń gbọ́ lábẹ́ fíìmù lórí DVD, orí rẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1984. Òkú wo ló ń bímọ báyìí?

Ní báyìí, àwọn tó ń gbà á là kì í gba àwòrán láti ẹnu wáyà tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wọ́n á fi sọ́dà mú wáyà kan mọ́ ibi tí àmì lésà ti ń jáde lórí pátákó ẹ̀rọ, kó tó di àwòrán rárá. Domesday Duplicator, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún gbígba àmì yìí sórí kọ̀ǹpútà, á máa wọn àmì náà nígbà mílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ld-decode, ètò kọ̀ǹpútà kan, á wá sọ ọ́ di àwòrán. Alájẹkì ni o: wákàtí kan á gbé nǹkan bí 180 gígábáìtì mì. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn nìyí: ẹ̀dà méjì fíìmù kan náà tó ń jẹrà kì í sábà jẹrà lójú kan náà. Bí a bá to àmì wọn léra, ibi tí ọ̀kan ti fọ́, èkejì á dí i.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Èmi náà ní ẹ̀dà fíìmù yẹn, tèmi náà ti ń jẹrà. Jọ̀ọ́, yá mi ní tìrẹ. Yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀ kí àwo má baà fa páálí ya lójú ọ̀nà, fi páálí líle méjì há a láàárín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́bàá ihò àárín rẹ̀ ránṣẹ́, ojú méjèèjì, kí n mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ni tìrẹ àti tèmi, ìyẹn bóyá ẹ̀dà kan náà ni wọ́n.

Èmi ni,
Àlàó