Lẹ́tà sí Àjàní lórí sáírìn tó fẹ́ fi sí Hilux rẹ̀

Tudun Wada,
Kàdúná.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo rí fọ́tò Hilux tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọkọ̀ náà dára, tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ ni. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o lò ó pẹ́. Ìyá rẹ ti fi han gbogbo ará àdúgbò, títí kan àwọn tí kò béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o fi tẹ̀lé fọ́tò náà ni mo fẹ́ fèsì sí, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí lórí fóònù o máa ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán.

O ní o fẹ́ de iná pupa àti búlúù mọ́ orí rẹ̀, kí o fi àwọn iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú sí iwájú, kí o wá ki sáírìn 100 watt bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. O ní àwọn kan ní Apo, ní Abuja níbẹ̀, ti dá iye fún ọ. Mo mọ ohun tó fa èyí. O ti ròyìn àwọn tí ọkọ̀ wọn dojú dé lójú ọ̀nà Kubwa fún mi, bí ẹ ṣe gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀ ẹnìkan, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há yín mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò yà fún yín. Ẹni tó bá rí irú èyí tí kò ronú kan sáírìn, ọkàn rẹ̀ le. Nítorí náà mi ò ní bá ọ wí bí mo ṣe máa ń bá àwọn tó ń fọn sáírìn lọ síbi ìnáwó ní Maitama wí.

Èrò mi ni pé kí o tan iná tí yóò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọ. Ìró tó ń pàṣẹ fún ẹlòmíràn pé kó kúrò lọ́nà, má fi sí ọkọ̀ rẹ.

Ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2012, kò fi sáírìn lé ọkọ̀ aládàáni lọ́wọ́. Ti panápaná ni, ti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ti ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn olóyè ńlá. Bí èrò ọkàn rẹ ti wù kó mọ́ tó, o kò sí nínú wọn. Àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá a máa kéde rẹ̀, wọn a mú àwọn èèyàn fúngbà díẹ̀, wọn a dákẹ́, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Má sọ fún mi pé Lágbájá ní i ní Gwarinpa. Lágbájá ní ẹni tí yóò pè tí wọ́n bá mú un dé téṣàn. Ta ni ìwọ fẹ́ pè? Èmi rìwáyà, tí mò ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe?

Ṣùgbọ́n ká ní òfin tilẹ̀ gbà ọ́ láàyè, mi ò bá ṣì sọ pé rárá, nítorí ibi tí a ń gbé. Láti Zuba títí dé Kàdúná, o mọ bí ibi tí sójà dúró sí ti pọ̀ tó. O sì mọ bí a ṣe ń kọjá níbẹ̀ lálẹ́: o máa dín iná iwájú kù, o máa tan iná inú ọkọ̀ kí wọ́n rí ojú rẹ, o máa rọra. Wàyí o, ọkọ̀ kan ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú iná pupa àti búlúù, wọn ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn lórí rédíò pé ó ń bọ̀. Kí ni kí ọmọ sójà tí kò sùn láti àná rò? Àwọn ajínigbé ti wọ aṣọ sójà rí ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn ajínigbé gan-an ló kọ́kọ́ rí ọ, wọn á rò pé ọlọ́pàá ni ọ́ tàbí pé olówó ni ọ́. Èwo nínú méjèèjì ni o fẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Sáírìn náà kò sì ṣiṣẹ́ tó bí o ṣe rò. Ẹni tó pa wíndò dé, tó tan AC, tí orin ń ké nínú ọkọ̀ rẹ̀, kì í gbọ́ ọ àfi tí o bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó bá wá gbọ́, ẹ̀rù á bà á, á yà bàrà láìwo ẹ̀gbẹ́, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ni yóò sì forí fá a. Ìwọ awakọ̀ náà ńkọ́? Bí ìró yẹn bá ti ń ké lórí rẹ, wàá sáré ju bó ṣe yẹ lọ, wàá máa rò pé gbogbo oríta ti ṣófo dè ọ́. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ panápaná kọ́ iṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó gbé e fún wọn. Ẹni tó fara pa tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn pickup, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju irin lọ, eré àsápajúdé lè pa á ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Fóòmù tó nípọn àti ẹnìkan tí yóò jókòó tì í, tí yóò fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wúlò fún un ju ariwo lọ.

Ó dáa, iná tí mo gbà ọ́ láàyè ńkọ́? Iná aláwọ̀ ọsàn kan, irú èyí tó wà lórí àwọn ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ tó bà jẹ́, tí wàá tàn nígbà tí o bá dúró nìkan, kì í ṣe nígbà tí o bá ń sáré. Iná iṣẹ́ méjì tó kọjú sẹ́yìn, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń ṣe nínú òkùnkùn. LED ni kí o rà, kì í jẹ iná bátìrì bíi ti gílóòbù àtijọ́. Sí-kọ́ṣọ̀n, àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sójú ọ̀nà, méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀wù tó ń dán tí iná bá tàn sí i, nítorí àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí lójú títì lálẹ́ ni ọkọ̀ mìíràn máa ń wá pa níbẹ̀. Ohun ìpaná, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìyẹn tó.

Wáyà ni mo fẹ́ ká sọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó dá iye fún ọ yóò ti fi iṣẹ́ rẹ ṣeré. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa iná tuntun láti ara wáyà iná iwájú. Wáyà yẹn tín-ín-rín, ẹrù tirẹ̀ nìkan ni wọ́n dá a láti gbé. Sáírìn 100 watt tí o ń wí yẹn nìkan á fa nǹkan bí ampere 8 lórí bátìrì 12 volt. Fi iná orí àti ti iwájú kún un, kí o wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo ti tú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe báyẹn fún. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti kọ́kọ́ rú èéfín, rọ́bà ara wáyà ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn bí àtè. Kò sí fíúsì kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò gbé fóònù mọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí wáyà tó nípọn jáde tààrà látorí bátìrì, kí fíúsì wà lórí rẹ̀ kí ó tó rìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ, nítorí wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe iná. Lẹ́yìn fíúsì, ó di rílè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Wo abẹ́ rílè, wàá rí nọ́ńbà: láti bátìrì sí 30, láti 87 sí iná, 85 àti 86 ni ti súìṣì àti àásì, ìyẹn wáyà tó ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Nípa báyìí, iná kékeré ló ń gba inú súìṣì tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ, èyí tó pọ̀ kò wọ inú ọkọ̀ rárá. Ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí irin má baà gé e. Ibi tí àásì bá ti kan ara ọkọ̀, ha ọ̀dà kúrò kí irin fúnra rẹ̀ hàn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tẹ́sítà gún wáyà tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti airbag ni, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde nígbà ìjàǹbá.

Má lu òrùlé ọkọ̀ náà ní ihò. Ní ọyẹ́, eruku ni yóò wọ ibẹ̀. Bí òjò bá dé, omi á tẹ̀ lé e, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ojú kò tó. Ẹni tó ń jó irin lè ṣe férémù sẹ́yìn ibi tí èrò ń jókòó, a ó de iná mọ́ ọn. Kí o sì rántí pé bátìrì ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kànga ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Bátìrì ampere-hour 60 tí o bá ń fa ampere 20 nínú rẹ̀ kò ní pé wákàtí mẹ́ta kó tó gbẹ, kò sì ní lè tan ẹ́ńjìnnì mọ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Wàá wá di ẹni tí wọ́n ń wá gbà sílẹ̀.

Ní ti ìrànlọ́wọ́ tí o fẹ́ ṣe gan-an, lọ sí ọ́fíìsì Road Safety tó súnmọ́ ọ, kí o béèrè bí a ṣe ń di Special Marshal. Àwọn ará ìlú bíi tìrẹ ni, wọn kì í gbowó, wọ́n sì ń kọ́ wọn. Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà wọn ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò ni 112. Fi méjèèjì sí fóònù rẹ àti ti ìyàwó rẹ. Tí ilé ìwòsàn kan bá fẹ́ lé yín padà, sọ fún wọn pé òfin ètò ìlera ti 2014 kò gbà kí wọ́n kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ohùn tútù ni kí o fi sọ ọ́, ó ti rẹ àwọn nọ́ọ̀sì náà.

Gbé ọkọ̀ náà wá ní Sátidé. Àárọ̀ ni kí o kúrò ní Kubwa, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ ní Katari tàbí Rijana. Wáyà àti rílè wà nílé. Fíúsì nìkan ni kí o rà bọ̀, ti 10 àti ti 15, kí o ra ojúlówó, nítorí èyí tí mo rà kẹ́yìn kì í já nígbà tó yẹ kó já. Àwọn ará Apo yẹn, tí o bá ti fún wọn ní owó àsansílẹ̀, lọ gbà á ṣáájú Sátidé.

Èmi ni bàbá rẹ.