Ọ̀bẹ onísípíríǹgì tí ẹ tà fún mi, lọ́ọ̀kì ẹ̀ ò mú

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàdágìrì ni mo wà, èmi ni mo ra ọ̀bẹ tẹ-bọ́tìnnì-kó-ṣí yẹn ní ₦140,000, owó wébìlì ò sí níbẹ̀. Ó ti tó ọdún 9 tí mo ti ń kó irú ọ̀bẹ yìí jọ, mo ní ti Ítálì tí wọ́n ṣe ní Maniago, kò sí èyí tó ṣe mí báyìí rí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn ni lọ́ọ̀kì. Tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, sípíríǹgì ẹ̀ ò sinmi, ó ń ti ojú ọ̀bẹ síta ṣáá ni, irin kékeré abẹ́ bọ́tìnnì nìkan ló dì í mú, irin yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ há sínú kòtò ìdí ojú ọ̀bẹ tó bá ṣí tán. Kòtò tiyín fẹ̀ jù. Mo ṣí i, mo fọwọ́ kàn án, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà! Ìgbà tí ò tún wá mú dáadáa ní pípadé, ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ lọ fi han ọ̀rẹ́ mi ní Àjárá, orí ọ̀kadà ló ti ṣí fúnra ẹ̀ nínú àpò sòkòtò mi, sefúti ò sì sí lára ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí, àpò nìkan ló ya.

Ẹ tún ní kì í dógùn-ún, irin tí wọ́n ń pè ní D2 ni wọ́n sì fi ṣe ojú ẹ̀. Mi ò bú D2, ó máa ń mú pẹ́, àmọ́ nínú chromium (òun ni kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún) bíi 12% tó wà nínú ẹ̀, carbon ti so púpọ̀ mọ́ra, èyí tó kù ò lè gbà á lọ́wọ́ atẹ́gùn oníyọ̀ tiwa níbí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ń pọ́n. Ká ní ẹ sọ òótọ́ ni, ǹ bá ti máa fi epo pa á.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ yín tó dá mi lóhùn ní ọ̀bẹ àtọ́jú ni, kì í ṣe fún lílò. Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ń ṣí, bó ṣe ń dún gbì, bó ṣe ń dúró gbọin, òun gan-an la fi ń tọ́jú ẹ̀!

Owó mi ni mo fẹ́, kó pé, kí ẹ sì san wébìlì tí mo máa fi dá a padà. Fídíò bó ṣe ń mì, mo ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi téèpù wé e báyìí, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, torí àwọn ọmọ wà nílé.

Oníbàárà yín,
Bàdágìrì