Ẹ Fi Kossola Kún Ìtàn Carnegie

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti gba àwa òbí tó wà ní Amẹ́ríkà níyànjú pé ká máa fi ìtàn Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ onírin, àti John D. Rockefeller, ọlọ́rọ̀ elépo, tọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè mọ̀ pé tálákà ń di ọlọ́rọ̀ níbí bó bá tẹpá mọ́ṣẹ́. Ó tún ní àwọn olùkọ́ ìtàn ń fi ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì àti ìyà òṣìṣẹ́ ba ọkàn àwọn ọmọ jẹ́. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí gan-an ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí débi pé mi ò lè gbé e mì. Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa Kossola, ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kó wá síbí lẹ́rú.

Òótọ́ ni ohun tó sọ nípa Carnegie. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá láti Scotland ní 1848. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni èmi, inú ilé òfì ni wọ́n bí mi sí, torí náà mo máa ń pẹ́ díẹ̀ níbi yìí tí mo bá ń kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé kan nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá kò tà mọ́. Carnegie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ kan ní Allegheny, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pittsburgh, ní dọ́là kan àti ogún sẹ́ǹtì lọ́sẹ̀. Ní 1901, ó ta ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ fún J. P. Morgan, oníbáńkì ńlá, ní 480 mílíọ̀nù dọ́là. Mo ń sọ gbogbo èyí ní kíláàsì, ẹnu àwọn ọmọ a sì là sílẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú òǹkọ̀wé yẹn ni pé ibẹ̀ ló ti pa ìwé dé.

Irin tí Carnegie fi là, àwọn wo ló yọ́ ọ? Àwọn Slovak, àwọn ará Hungary, àwọn ará Poland, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n dúró ti iná. Wákàtí méjìlá lóòjọ́ ni, àti ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn: 84 wákàtí. Màá tún ní kí wọ́n ṣírò iye wákàtí tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan odindi: 168. Wọn á wojú ara wọn. Ìdajì ọjọ́ ayé ẹni nìyẹn, kéèyàn tó sùn, kó tó jẹun, kó tó mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ó di 1923 kí ilé iṣẹ́ tó jogún ti Carnegie, U.S. Steel, tó fi wákàtí méjìlá yẹn sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ti kọjá nígbà náà tí Carnegie ti gba owó rẹ̀.

Ní 1892, ní Homestead létí odò Monongahela, wọ́n fẹ́ gé owó òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì kọ̀. Carnegie wà ní Scotland, Henry Clay Frick ló ń bójú tó ilé iṣẹ́ fún un. Frick mọ ọgbà gíga yí ibẹ̀ ká, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ síta, ó sì háyà ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin agbébọn láti ọ̀dọ̀ Pinkerton, ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀ṣọ́ háyà. Òru ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn bọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Keje tó mọ́. Ìlú ta jí, tọkùnrin tobìnrin ya lọ sétí odò, kí ọjọ́ náà sì tó kanrí, òkú ti sùn lápá méjèèjì. Gómìnà Pennsylvania kó sójà ìpínlẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wá. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe fọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ní 1898, Carnegie ṣí ilé ìkàwé ńlá kan fún àwọn ará Homestead. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi wo fọ́tò ilé ìkàwé náà títí, ó wá ní, “Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lóòjọ́, ìgbà wo ló fẹ́ wá kàwé níbẹ̀?” Kò sí ìwé tó gbé ìbéèrè yẹn fún un. Ìṣirò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló bí i.

Ti Rockefeller kò gùn lọ́dọ̀ mi. Ó dá Standard Oil sílẹ̀ ní Cleveland ní 1870, ó bá àwọn onírélùwéè ṣe àdéhùn abẹ́lẹ̀ kí owó ẹrù tirẹ̀ lè kéré sí ti àwọn yòókù, kò sì pé ogún ọdún tí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá epo tí wọ́n ń fọ̀ ní Amẹ́ríkà fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní 1911, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilé iṣẹ́ náà sí 34. Mobil àti Chevron tí àwa náà mọ̀ ní Nàìjíríà, inú àwọn ìpín yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀. Mi ò fi rere rẹ̀ pamọ́ o: owó Rockefeller Foundation àti ti Ford Foundation ni wọ́n fi dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, owó Carnegie Corporation ló sì gbé ìgbìmọ̀ Ashby tó ṣètò ọ̀rọ̀ yunifásítì wa nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn náà.

Ní ọdún tó kọjá, níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta sọ irú ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé yín sọ yìí fún mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú o. Ọmọ mi ò wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá jà. Ẹ kọ́ ọ bí àwọn èèyàn yẹn ṣe là.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ṣiṣẹ́ mọ́jú kó tó wá. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá ṣe ju ogójì wákàtí lọ lọ́sẹ̀, ṣé iye kan náà ni wọ́n ń san fún yín lórí wákàtí tó lé?” Ó ní rárá o, ófátáìmù nìyẹn, ìlọ́po kan àbọ̀ ni. Mo bi í pé ta ló ṣòfin ẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun rò pé bí Amẹ́ríkà ṣe wà nìyẹn látilẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un nípa Chicago ní 1886, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún nítorí pé wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún wa ní ìsinmi nílé ti wá, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ sí oṣù Kẹsàn-án. Mo sọ fún un nípa ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 1911, nígbà tí iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, ní àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Sátidé ni, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́. Àwọn ọmọbìnrin Júù àti Itálì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì pa. Àkàsọ̀ àwọn panápaná kò ga kọjá àjà kẹfà. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ láti ojú fèrèsé, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Obìnrin kan wà lójú títì lọ́jọ́ náà tó fojú ara rẹ̀ rí i, Frances Perkins lorúkọ rẹ̀. Òun ló di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lábẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú òfin 1938 tó fi gbèdéke sí wákàtí iṣẹ́, tó ní kí wọ́n san ófátáìmù, tó sì ká àwọn tó ń fi ọmọdé ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò.

Bàbá náà dákẹ́. Nígbà tó yá, ó bi mí pé mélòó ni obìnrin nínú àwọn tó kú. Mo ní 123.

Apá kan tún wà tí àròkọ yẹn kò fọwọ́ kàn rárá. Carnegie kò gba físà kó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí Erékùṣù Ellis ní New York ní 1892, àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé lé ní mílíọ̀nù méjìlá kí wọ́n tó tì í ní 1954. Àmọ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta Sierra Nevada kí rélùwéè lè kọjá, wọ́n parí iṣẹ́ ní 1869, nígbà tó sì fi máa di 1882 ìjọba ti ṣòfin pé lébìrà Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Òfin yẹn wà títí di 1943. Òfin 1924 tún há ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Itálì, àwọn Júù àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn, títí wọ́n fi yí i padà ní 1965. Ojú ọ̀nà tí wọ́n là ní 1965 yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá gbà dé ibí.

Àwa kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ fún ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Ní 1860, ogun Dàhòmì kó Oluale Kossola, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ní agbègbè Bantè, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ní Benin òde òní. Wọ́n dà á lọ sí Ouidah, wọ́n sì tà á pẹ̀lú àwọn bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi Clotilda. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, torí náà òru ni wọ́n yọ́ wọ Mobile, ní Alabama, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Timothy Meaher ló bẹ ọkọ̀ náà níṣẹ́, oníṣòwò tó ní ilé ìlagi àti ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ilé ni Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Wọ́n bẹ Meaher pé kó fún àwọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi ọkùnrin tó kó wọn lẹ́rú, wọ́n ń tu owó jọ, wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n sì dá Africatown sílẹ̀. Ìlú náà wà níbẹ̀ títí dòní.

Ní 1902, Kossola ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kọjá ojú irin nígbà tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè Louisville and Nashville kọ lù ú. Kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ ro ó wò: ẹni tí wọ́n kó wá lẹ́rú, tí kò mọ̀wé, ló pe ilé iṣẹ́ rélùwéè lẹ́jọ́ ní Alabama, ọdún kan lẹ́yìn tí òfin tuntun ìpínlẹ̀ náà gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1903, wọ́n dá a láre, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà san 650 dọ́là fún un. Ilé iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ sì da ìdájọ́ náà nù. Ìjọ wọn ní Africatown ló fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìsìn kó lè máa rí nǹkan ṣe. Ó kú ní 1935.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ìtàn yìí, a ti to orúkọ àwọn tó wá láti òkèèrè sójú pátákó: Ireland, Itálì, Ṣáínà. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì béèrè pé abẹ́ èwo la máa kọ Kossola sí. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i. Ó kọ orúkọ náà sí àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó fa ìlà kan láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí a kọ rélùwéè sí, ó sì padà lọ jókòó.

Ojú ewé kan odindi lẹ fún Carnegie, Olóòtú. Bí ẹ bá lè wá ìdajì irú rẹ̀ fún mi, màá kọ ìtàn Kossola ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí yín kí oṣù yìí tó parí, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn kan, ọmọ Ìsẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà