Àbẹ̀kẹ́, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ máa bọ̀ o

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú mi dùn pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ jáde kúrò ní Glasgow ní Sátidé. Mú kóòtù òjò dání o, má wò ó pé oòrùn ràn láàárọ̀, atẹ́gùn orí àpáta Stirling Castle yẹn kì í ṣeré rárá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró létí ògiri kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí odò Forth tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ìtòsí ibẹ̀ ni William Wallace àti Andrew Moray, àwọn ọ̀gágun Scotland, ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun England ní 1297, torí afárá pákó tóóró làwọn yẹn ń gbà kọjá, wọ́n jẹ́ kí díẹ̀ sọdá kí wọ́n tó kọlù wọ́n.

Falkirk Wheel ni kó o ti fara balẹ̀ jù, ìwọ tó ò ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Látinú kánààlì kan ló ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sínú èkejì, nǹkan bíi mítà 24 sókè, láti 2002. Wo ọpọ́n omi méjèèjì tó wà lápá ẹ̀ dáadáa. Tí ọkọ̀ bá wọnú ọ̀kan, omi tó wúwo tó ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ á kúrò níbẹ̀, torí náà bí ọkọ̀ wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú ìkejì, wọ́n ṣì dọ́gba, ìyẹn ni ò jẹ́ kó gba agbára púpọ̀ láti yí i.

Tílẹ̀ ò bá tíì ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé South Queensferry lọ wo Forth Bridge. Afárá Tay, afárá réluwéè míì ní Scotland, ti wó lulẹ̀ nínú ìjì ní 1879 tòun ti réluwéè tó wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó yè nínú ọkọ̀ yẹn, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ Forth lọ́wọ́ Thomas Bouch, ẹnjiníà tó ṣe Afárá Tay yẹn. Ìdí tí Forth Bridge fi ki pọ́pọ́ báyẹn nìyẹn. 1890 ni wọ́n ṣí i, ó sì lé ní 70 òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ rántí wọn.

Ọmọ Japan kan náà bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, Kaichi Watanabe, Glasgow lòun náà ti kàwé bíi tìẹ. Wá fọ́tò ẹ̀: òun ló jókòó láàárín, àwọn ọkùnrin méjì jókòó sórí àga lọ́tùn-ún lósì, wọ́n na ọwọ́ di igi mú, wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀, bí afárá yẹn ṣe ń ru ẹrù gan-an nìyẹn. Nítorí náà má jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì mọ́ torí pé àlejò ni ẹ́, béèrè ìbéèrè ẹ.

Mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ. Pè wá lórí WhatsApp tó o bá dé ìdí afárá, màmá ẹ fẹ́ rí i.

Bàbá ẹ